Bí Ẹ̀kọ́ Ọ̀fẹ́ Ṣe Di Ẹ̀tọ́ Tí Òbí Lè Gbé Lọ sí Kóòtù

Ọ̀pọ̀ òbí ni kò tíì gbọ́ pé ẹ̀kọ́ ọmọ wọn, láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé JSS 3, kì í ṣe ojú àánú gómìnà kankan mọ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2017, Adájọ́ John Tsoho ti Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Àbújá dá a lẹ́jọ́ pé ẹ̀tọ́ ni, àti pé ẹni tí wọ́n bá fi dù lè pe ìjọba lẹ́jọ́. Kí ọ̀rọ̀ náà tó jáde lẹ́nu adájọ́, ogójì ọdún ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà.

Bí a bá dárúkọ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nílẹ̀ Yorùbá, ọdún 1955 ni ọkàn àwọn àgbà máa ń sá lọ. Ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún náà ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń darí, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ọmọ tó wà nílé ìwé lọ́dún yẹn lé ní 800,000. Lọ́dún tó ṣáájú, wọn ò tó 500,000. Iṣẹ́ ńlá ni, ìran wa kò sì lè gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ètò ẹgbẹ́ òṣèlú ni. Ìjọba tó bá dé lẹ́yìn tí kò bá fẹ́ ẹ lè fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn, òbí kò sì ní ibi tí yóò gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ.

Àǹfààní láti sọ ọ́ di òfin tó ju ẹgbẹ́ lọ dé lọ́dún 1975, nígbà tí Ọ̀gágun Murtala Muhammed yan ìgbìmọ̀ tí yóò kọ òfin ìpìlẹ̀ tuntun. Àádọ́ta ènìyàn ni wọ́n pè. Awólọ́wọ̀ kọ̀ láti bá wọn jókòó, àwọn 49 tó kù sì ṣiṣẹ́ lábẹ́ Olóyè Rótìmí Williams. Nínú òfin tó jáde lọ́dún 1979 ni Orí Kejì ti fara hàn, tó ka ẹ̀kọ́, ìlera, ilé gbígbé, oúnjẹ àti iṣẹ́ sí ojúṣe ìjọba. Òfin Íńdíà ti ọdún 1950 la ti yá a lò, àwọn ará Íńdíà náà sì yá a lọ́wọ́ Ireland, tó ti kọ irú rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1937.

Àgádágodo tó wà lára rẹ̀ bá a dé. Abala 6 òfin wa sọ pé kóòtù kò gbọ́dọ̀ gbọ́ ẹjọ́ lórí bóyá ìjọba tẹ̀ lé Orí Kejì tàbí kò tẹ̀ lé e. Àwọn tó gbè é lẹ́yìn sọ pé orílẹ̀-èdè tí owó rẹ̀ kò tó ná kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí adájọ́ máa pín owó ìlú. Abala 18 pàápàá ní kí ìjọba pèsè ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nígbà tó bá ṣeé ṣe. Ta ni yóò wá sọ pé àsìkò ti tó?

Kò pẹ́ tí wọ́n fi dán an wò. Lọ́dún 1980, ìjọba Lateef Jakande l'Ékòó kéde pé òun yóò fòpin sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni, kí ọmọ olówó àti ọmọ tálákà lè jọ jókòó sí kíláàsì kan náà. Olórí ìjọ Àgùdà nílùú Èkó, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Anthony Okogie, gbé e lọ sí kóòtù. Orí Kejì ni ìjọba fi gbèjà ara rẹ̀. Ilé ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dáhùn lọ́dún 1981 pé Orí Kejì kò lágbára tó láti borí ẹ̀tọ́ tí kóòtù lè gbèjà. Láti ọjọ́ náà, bí lọ́yà bá ti fẹnu kan Orí Kejì, ẹjọ́ Okogie ni wọ́n máa ń fi pa á lẹ́nu mọ́.

Bí ọ̀nà kan ò dí, òmíràn kì í là. Ní Nairobi lọ́dún 1981 kan náà ni àwọn olórí Áfíríkà fọwọ́ sí ìwé àdéhùn lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Abala 17 rẹ̀ sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú pé gbogbo ènìyàn ló ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́. Nàìjíríà sọ ìwé yìí di òfin ilẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1983, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sẹ́ni tó kà á sí. Nígbà tí àwọn agbófinró ìjọba ológun Abacha gbé lọ́yà Gani Fawẹ́hìnmi nílé rẹ̀ lọ́dún 1996, ìwé yìí wà lára ohun tó gbé dìde. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ lọ́dún 2000 pé òfin Nàìjíríà ni lóòótọ́, pé ó sì ju àwọn òfin yòókù lọ, àyàfi òfin ìpìlẹ̀ nìkan.

Ọ̀nà kejì là lọ́dún 2002, nígbà tí ìpínlẹ̀ Oǹdó pe ìjọba àpapọ̀ lẹ́jọ́ lórí òfin tó dá àjọ ICPC, tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, sílẹ̀. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ láṣẹ láti ṣe òfin tí yóò mú Orí Kejì ṣiṣẹ́. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni òfin UBE, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, jáde.

Ó yẹ kí gbogbo òbí mọ ohun tó wà nínú òfin ọdún 2004 yìí. Ó pàṣẹ fún gbogbo ìjọba láti pèsè ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún ọmọ láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé JSS 3. Ó ya ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún un. Òbí tí kò bá rán ọmọ rẹ̀ lọ sílé ìwé lè jẹjọ́. Ẹni tó bá sì gba owó ilé ìwé lọ́wọ́ ọmọ tí òfin ní kó kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ lè san ìtanràn tó tó ₦10,000, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Síbẹ̀, ẹ lọ sílé ìwé ìjọba lọ́jọ́ ìwọlé: owó PTA, owó lẹ́sìnnì, owó bẹ́ǹṣì. Ọmọ tí kò bá rí i san á gbé báàgì rẹ̀ padà sílé.

Nígbà tó hàn pé wọ́n ń kó owó UBE jẹ láwọn ìpínlẹ̀ kan, ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ SERAP gbé ìjọba lọ sí kóòtù ECOWAS. Ìjọba tún fa Orí Kejì yọ, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kò gbè é. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2009, ilé ẹjọ́ náà sọ pé ìwé àdéhùn Áfíríkà ni òun ń wò. Lọ́dún 2010, ó pàṣẹ kí ìjọba wá owó dí ihò tí àwọn olè lu, kí ìyà má bàa jẹ ọmọ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀gá. Nígbà tí ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ mìíràn, LEDAP, wá dé iwájú Adájọ́ Tsoho, abala 18 àti òfin UBE ni adájọ́ so pọ̀ tó fi dájọ́ pé ohun tí aṣòfin ti sọ di òfin ti bọ́ lọ́wọ́ àgádágodo.

Iṣẹ́ ṣì kù púpọ̀, torí àwọn ọmọ tí kò sí nílé ìwé ní Nàìjíríà lé ní mílíọ̀nù 10. Bí wọ́n bá lé ọmọ yín wálé nítorí owó, ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, ẹ gba rìsíìtì owó tí ẹ bá san, kí ẹ sì kọjá sí ọ́fíìsì Legal Aid Council tàbí ti àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní ìpínlẹ̀ yín. Ilé gbígbé àti oúnjẹ ṣì wà nínú Orí Kejì, níbi tí kóòtù kò lè fọwọ́ kàn wọ́n. Ohun tí aṣòfin ṣe fún ẹ̀kọ́ lọ́dún 2004, ó láṣẹ láti ṣe é fún àwọn náà. Ìdí tí kò fi tíì ṣe é ló yẹ ká bi ẹnikẹ́ni tó bá wá tọrọ ìbò lọ́wọ́ wa.