Ìrìn-àjò Ọjọ́ Mẹ́wàá Láti Èkó dé Ìbíní: Bí A Ṣe Lè Tò Ó

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni ó wà ní ilẹ̀ wa tí wọ́n ti fi àwòrán orí idẹ Ifẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé fún ogún ọdún, tí wọn kò sì fi ojú kan orí náà rí. Wọ́n mọ orúkọ òyìnbó tí ó kọ ìwé nípa rẹ̀, wọ́n lè yà á sí ojú pátákó láìwo ìwé. Bẹ́ẹ̀ ni ìlú tí wọ́n ti wú u nínú ilẹ̀ kò jìnnà sí ilé ẹlòmíràn nínú wọn ju ìrìn òwúrọ̀ kan lọ. A kò sọ èyí láti fi olùkọ́ ṣe ẹlẹ́yà. Owó oṣù olùkọ́ kò tó nǹkan, ọ̀nà wa kò dára, ìbẹ̀rù àwọn ajínigbé sì wà lọ́kàn olúkúlùkù. Síbẹ̀, èrò tiwa ni pé ìdí kan tún wà tí ó ju ìwọ̀nyí lọ: a kò tíì kọ́ bí a ṣe ń to ìrìn-àjò ní ilẹ̀ ara wa. Bí ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ bá dé, ẹni tí ó lówó a máa ro Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tí kò lówó a sì jókòó sílé.

Ẹni tí ó tilẹ̀ dìde, ọ̀pọ̀ ìgbà ni í kọ orúkọ ìlú sílẹ̀ bí ẹni tí ń kọ ohun tí yóò rà lọ́jà: Èkó, Kánò, Jọ́ọ̀s, Kàlàbá, gbogbo rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Inú mọ́tò ni irú ìrìn bẹ́ẹ̀ í parí sí. Ìbéèrè ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ mú, kí ìlú ó sì tẹ̀lé e. Ìbéèrè tí àwa mú fún ẹ̀yin òǹkàwé wa nìyí: àwọn àgbà tí ó rọ idẹ ní Ifẹ̀ àti àwọn tí ó rọ ọ́ ní Ìbíní, kí ni ó dà wọ́n pọ̀? Ifẹ̀ ní ìdáhùn tirẹ̀, Ìbíní náà ní tirẹ̀, ìdáhùn méjèèjì kò sì bára mu. Àwọn baba wa sì ti sọ ọ́ pé, agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, òun ni àgbà òṣìkà.

Ọjọ́ mẹ́wàá ni a kà fún un: méjì ní Èkó, ọ̀kan ní Abẹ́òkúta, méjì ní Ìbàdàn, méjì ní Ifẹ̀ pẹ̀lú Òṣogbo, ọ̀kan ní Ọ̀wọ̀, méjì ní Ìbíní. Ọkọ̀ ojú irin ni a ó wọ̀ láti Èkó dé Ìbàdàn. Ìyókù di ti mọ́tò.

Ní Èkó, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Oníkàn, ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti ìjọba àpapọ̀ tí a ṣí ní 1957. Ibẹ̀ ni kí ẹ lò gẹ́gẹ́ bí a ti í lo ojú-ewé àkọ́kọ́ ìwé tí a kọ àwọn orí ọ̀rọ̀ sí. Iṣẹ́ amọ̀ Nok wà níbẹ̀, ti Ifẹ̀ wà, ti Ìbíní wà, mọ́tò tí wọ́n yìnbọn pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed sí ní 1976 náà wà níbẹ̀. Ẹ má ṣe pẹ́ jù. Ẹ kàn jẹ́ kí ojú mọ ohun tí yóò tún bá pàdé níwájú. Ní òdìkejì ọ̀nà ni ilé àṣà àti ìtàn Yorùbá tí a sọ ní orúkọ J.K. Randle wà, èyí tí ìjọba ṣí ní 2023.

Ọjọ́ kejì di ti Pópó Àgùdà, ẹsẹ̀ sì ni kí ẹ fi rìn ín. Àwọn tí ó ti oko ẹrú Brazil padà wá ni ó tẹ ibẹ̀ dó, tí wọ́n sì mú iṣẹ́ bíríkì àti ọnà ojú fèrèsé bọ̀ wálé. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí a ṣí ní 1894 kò jìnnà síbẹ̀. Ẹni tí ó ti Brazil bọ̀ ni ó ya àwòrán rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé Tinúbú, ẹ ó béèrè ilé kan tí ẹ kò ní rí. Ìdílé Fernandez ni ó kọ́ ilé náà ní nǹkan bí 1855. Ilojo Bar ni a ń pè é níkẹyìn. Ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, a sì wó o lulẹ̀ ní September 2016. Òfin dáàbò bò ó fún ọgọ́ta ọdún gbáko, òfin nìkan kò sì tó. Bí ó bá ṣe pé àwọn ọmọ ilé-ìwé ń tò wá síbẹ̀ lọ́dọọdún pẹ̀lú olùkọ́ wọn, a kò rò pé ì bá rọrùn tó bẹ́ẹ̀ láti wó o. Èyí ni ó jẹ́ kí á máa fi ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò yìí lọ ẹ̀yin olùkọ́ ju ẹlòmíràn lọ.

Tésàn Mobọ́lájí Johnson ní Èbúté Mẹ́ta ni ẹ ó ti wọ ọkọ̀ ojú irin. Irin tuntun náà, tí a ṣí ní June 2021, gùn tó kìlómítà 157 dé Ìbàdàn. Tíkẹ́ẹ̀tì méjì ni ẹ ó rà, ọ̀kan láti Èkó dé Abẹ́òkúta, èkejì láti Abẹ́òkúta dé Ìbàdàn fún ọjọ́ kejì. Ẹ rà wọ́n ṣáájú, pàápàá bí ẹ bá pọ̀, tàbí bí ó bá bọ́ sí òpin ọ̀sẹ̀. Kí ẹ sì wádìí àkókò lẹ́ẹ̀kan sí i ní ọjọ́ tí ó ṣáájú, nítorí a máa ń yí i padà, ọkọ̀ tí ń lọ lójúmọ́ kò sì pọ̀. Níbòmíràn lójú ọ̀nà, ẹ ó rí irin àtijọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun. Ní 1896 ni àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ẹ. Ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907. Wọn kò tẹ́ ẹ nítorí kí ará Èkó lè lọ kí ará Ìbàdàn. Ẹrù oko wa ni wọ́n fẹ́ kó dé etíkun. Àwa ni a sọ ọ́ di ọ̀nà àbẹ̀wò.

Tésàn Abẹ́òkúta, tí ó ń jẹ́ orúkọ Wọlé Ṣóyínká, wà ní Láderin, lẹ́yìn ìlú, nítorí náà ẹ fi owó takisí kún ìṣirò yín. Gbogbo ayé ni ó mọ Olúmọ, níbi tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí pẹ̀lú Ṣódẹkẹ́ ní 1830, tí Ìtòkú ọlọ́jà adìrẹ kò sì jìnnà sí i. Aké ni àwa fẹ́ kí ẹ pẹ́ sí. Ìlú yìí ni Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròhìn ní December 1859, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá, tí gbogbo àwa tí ń fi èdè yìí kọ̀ròyìn jẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ìlú yìí kan náà ni Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ti kó àwọn obìnrin jọ láti ọdún 1947, tí wọ́n kọ owó orí tí a bù fún wọn, títí Aláké fi kúrò lórí oyè ní 1949. Ìyáàfin náà, olùkọ́ ni.

Ìbàdàn kò ní gba ọ̀rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu wa, kì í ṣe pé kò ní ohun wíwò. Tésàn rẹ̀ wà ní Mọniyà, ó jìnnà sí Mápó púpọ̀. Ẹ gun òkè Mápó, ẹ wo gbọ̀ngàn tí a ṣí ní 1929 àti òkun páànù tí ó yí i ká. Ọjà aṣọ òfì ní Òjé kì í ná lójoojúmọ́, ẹ béèrè ọjọ́ rẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé. Olùkọ́ ìtàn lè fi ọjọ́ kejì wọ ilé àkójọ ìwé ìjọba tí ó wà nínú ọgbà Yunifásítì. Ní Ìbàdàn náà ni kí ẹ ti háyà bọ́ọ̀sì kékeré pẹ̀lú dírẹ́bà tí ó mọ ọ̀nà ìlà-oòrùn. Láti ibẹ̀ lọ, òfin kan wà tí a kò gbọdọ̀ rú: kí ilẹ̀ tó ṣú, kí gbogbo yín ti wà nínú ilé ìtura. Ẹ béèrè bí ọ̀nà ti rí lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ ní gáréèjì láràárọ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má lọ, ẹ má lọ.

A dé Ifẹ̀. Ní 1938, àwọn tí ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ kan àwọn orí idẹ lábẹ́ ilẹ̀, nítòsí ààfin. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí a kọ́ nítorí wọn wà lẹ́bàá ààfin. Ẹ kọ lẹ́tà sí alábòójútó rẹ̀ ṣáájú, kí ẹ béèrè èyí tí ó wà ní gbangba. Kì í ṣe gbogbo orí náà ni ó wà ní Ifẹ̀, ọ̀kan nínú wọn wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní. Kí ẹ tó wọlé, ẹ sọ ìtàn Leo Frobenius fún àwọn ọmọ. Ará Jámánì yìí dé Ifẹ̀ ní 1910, ó rí iṣẹ́ àwọn baba wa, ẹnu yà á, ó sì kéde pé àwọn ará Atlantis, ìlú àlọ́ àwọn Gíríìkì, ni yóò ti ṣe é. Ó rọrùn fún un láti gba ìlú tí ó rì sínú òkun gbọ́ ju kí ó gba ènìyàn dúdú tí ó dúró níwájú rẹ̀ gbọ́ lọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ sí ìdí Ọ̀pá Ọ̀rányàn, òkúta tí ó ga ju mítà márùn-ún lọ. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ń ṣọ́ ibẹ̀ pa ìtàn fún yín: bí Ọ̀rànmíyàn, ọmọ Odùduwà, ti lọ jọba ní Ìbíní, tí ó bí Ẹwẹ́ká, tí ó sì padà sílé. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ti sọ ọ́. Ẹ ó lò ó níwájú.

Ọjọ́ kejì Ifẹ̀, ẹ lọ Òṣogbo kí ẹ sì padà lọ́jọ́ náà. Igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ogún ayé ní 2005, kún fún àwọn ère tí Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn oníṣẹ́-ọnà Òṣogbo mọ. Òyìnbó Austria yìí dé ilẹ̀ wa ní 1950, ó sì kú sí Òṣogbo ní 2009. Oṣù August ni ọdún Ọ̀ṣun. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí ọ̀pọ̀ èrò, ìgbà náà ni kí ó lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ ìró omi, kí ó yan oṣù mìíràn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ kankan mu omi odò náà: ìwakùsà góòlù lókè odò ti bà á jẹ́. Ẹ fi àwọ̀ omi náà han àwọn ọmọ, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ fún wọn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni í ti Ifẹ̀ sáré lọ sí Ìbíní láì yà sí Ọ̀wọ̀. Àdánù gidi ni. Ní 1971, awalẹ̀pìtàn wa, Ekpo Eyo, wú àwọn ère amọ̀ sísun jáde ní Igbó Lájà ní Ọ̀wọ̀, iṣẹ́ nǹkan bí ọ̀rúndún 15. Ojú àwọn ère náà jọ ti Ifẹ̀; àwọn nǹkan mìíràn lára wọn jọ ti Ìbíní. Bákan náà, iṣẹ́ eyín erin Ọ̀wọ̀ wà tí àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù fi ọjọ́ pípẹ́ pè ní ti Ìbíní. Ẹ wo ààfin Ọlọ́wọ̀ àti àwọn àgbàlá rẹ̀ pẹ̀lú ìyọ̀ǹda, kí ẹ wo aṣọ oyè àti ìlẹ̀kẹ̀ àwọn ìjòyè bí ẹ bá ṣe kòńgẹ́ wọn. Ẹ ó mọ̀ pé ẹnu ibodè ni ẹ wà.

Ìbíní ni ẹ ó ti gbọ́ apá kejì ẹjọ́ náà. Ní òpópó Ígún, àwọn ẹgbẹ́ alágbẹ̀dẹ idẹ ṣì ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n jogún: wọ́n a fi amọ̀ mọ ọkàn ère, wọ́n a fi ìda bò ó, wọ́n a ya ọnà sára ìda náà, wọ́n a tún fi amọ̀ bò ó, bí iná bá yọ́ ìda jáde, idẹ gbígbóná a gba ipò rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ibẹ̀ pé ta ni ó kọ́ wọn. Ìtàn tí Jacob Egharevba kọ sílẹ̀ ní pé Ọba Oguola ni ó ránṣẹ́ sí Ifẹ̀, tí a sì rán Igueghae sí i. Ṣùgbọ́n ẹ ó gbọ́ mìíràn pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ará Ẹdó yóò sọ fún yín pé ọmọ ọba Ìbíní ni Ekaladerhan, pé a lé e kúrò nílé, pé òun ni ó dé Ifẹ̀ tí a ń pè ní Odùduwà. Nítorí náà, ilé baba rẹ̀ ni Ọ̀rànmíyàn padà sí. Ẹ má ṣe bá wọn jiyàn. Ẹ̀yin ni àlejò. Ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀ bí wọ́n ti sọ ọ́.

Kí ẹ tó kúrò, ẹ wọ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó wà láàárín ìlú, kí ẹ sì sọ ọ̀rọ̀ ọdún 1897 níbẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ààfin, tí wọ́n sì lé Ọba Ovonramwen lọ sí Kàlàbá. Díẹ̀ nínú ohun tí a kó ti ń padà bọ̀: Jámánì dá àwọn kan padà ní December 2022, Netherlands dá 119 padà ní June 2025. Púpọ̀ ṣì wà lọ́hùn-ún.

Ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ ni ẹ ó gbà padà sí Èkó. Ẹ gbéra ní kùtùkùtù. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ilé-ìwé bá wọlé, ẹ pín kíláàsì sí méjì, kí apá kan ka ìtàn tí ẹ kọ ní ìdí Ọ̀pá Ọ̀rányàn, kí apá kejì ka èyí tí ẹ kọ ní Ígún, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ bi ara wọn ní ìbéèrè.