Kí Ilẹ̀ Ìpájà Tó Gba Sọkàwéè àti Kànga

Ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ ní Ìpájà á bèèrè ìwé, á bèèrè ọ̀rọ̀ ọmọ onílẹ̀. Bí ilẹ̀ náà ṣe ń mu omi sí kì í sábà sí nínú ìbéèrè. Ó di inú òjò oṣù kẹfà, tí sọkàwéè bá kún tí kò fà mọ́, kí ọ̀rọ̀ tó yé e.

Iyanrìn tí amọ̀ pupa dà pọ̀ mọ́ ló pọ̀ jù lábẹ́ Ìpájà àti agbègbè rẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín hóró iyanrìn tóbi, omi a máa gbabẹ̀ kọjá kíá. Ti amọ̀ há, ó ń di omi mú. Láàárín ọjọ́ kan, omi lè rin mítà mélòó kan nínú iyanrìn. Nínú amọ̀ líle, ó lè má rin tó mìlímítà kan.

Henry Darcy, ẹnjiníà ará Faransé tó fa omi wọ ìlú Dijon, ló ṣe ìṣirò ìrìn omi yìí. Ó da omi gba inú páìpù tó kún fún iyanrìn, ó sì tẹ ohun tó rí jáde lọ́dún 1856: bí omi òkè bá ṣe ga tó ni èyí tó ń kọjá ṣe ń pọ̀ tó, bí iyanrìn bá sì ṣe nípọn tó ni ó ṣe ń dín kù. Òfin yìí ni wọ́n ṣì ń lò. Wíwọn omi tí ilẹ̀ dì mú kò le rárá: ẹ wọn ilẹ̀ tútù, ẹ yan án nínú ààrò tó gbóná dé ìwọ̀n 105 Sẹ́lísíọ́ọ̀sì fún wákàtí 24, kí ẹ tún un wọ̀n. Ohun tó dín ni omi.

Ní IITA, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ n'Ìbàdàn, onímọ̀ nípa ilẹ̀ Rattan Lal, tó gba ẹ̀bùn World Food Prize lọ́dún 2020, rí i pé ilẹ̀ tí katapílà bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kì í mu òjò dáadáa mọ́; àgbàrá ló ń dà. Bẹ́ẹ̀ katapílà náà ló ń tẹ́ ilẹ̀ tí a fi ń kọ́lé.

Láti mọ bí ilẹ̀ ṣe ń mu omi sí, ẹni tí kò lówó ẹ̀rọ lè gbẹ́ ihò, kó fi omi kún un lálẹ́ kí ilẹ̀ rin gbingbin. Lọ́jọ́ kejì, kó tún bu omi sí i, kó fi rúlà wo iye tó fà láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Àmọ́ àyẹ̀wò oṣù kejì, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nìkan lè tan èèyàn jẹ, torí omi abẹ́ ilẹ̀ ti lọ sílẹ̀ nígbà náà.

Ilẹ̀ tó ń tètè mu omi náà ní tiẹ̀ o. Bó ṣe ń gbé omi ìdọ̀tí kúrò nínú sọkàwéè ló ṣe lè gbé e lọ sínú kànga. Ìlànà Sphere, tí àwọn tó ń ṣèrànwọ́ nígbà àjálù ń tẹ̀ lé, ní kí ṣalángá jìnnà sí orísun omi tó mítà 30. Púlọ́ọ̀tì kan l'Ékòó, ẹsẹ̀ bàtà 60 ní ìbú àti 120 ní gígùn, jẹ́ bíi mítà 18 ní ìbú àti 37 ní gígùn. Ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì ńkọ́? Àti sọkàwéè aládùúgbò tó wà lẹ́yìn ọgbà?

Ẹ bèèrè ibi tí sọkàwéè aládùúgbò yín wà kí ẹ tó gbẹ́ kànga, ẹ sì gbé omi rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò kí ẹnikẹ́ni tó mu ún.