Ṣáájú Ikú àti Lẹ́yìn Fìdáù: Ìwé Ìlàlóye fún Ẹbí Aláìsàn ní Ìlọrin

Ní Ìlọrin, kò sí agbo ilé tí kò mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe bí èèyàn bá kú. Bó bá jẹ́ Mùsùlùmí, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n á ti wẹ òkú, wọ́n á ti fi aṣọ funfun dì í, áfáà á ti kí ìrun sí i lára, wọ́n á sì ti sin ín. Tó bá di ọjọ́ kẹjọ, ẹbí àti ará á pé síbi àdúrà fìdáù. Àwọn Kristẹni ìlú náà ní ètò ìsìnkú tiwọn, ìjọ sì máa ń dúró tì wọ́n.

Ìgbà méjì ni ọ̀rọ̀ máa ń rú ẹbí lójú. Èkíní ni ìgbà tí dókítà ti sọ pé àìsàn yìí kò ní lọ mọ́, tí ẹ̀mí sì ṣì wà. Èkejì ni lẹ́yìn fìdáù, nígbà tí àlejò ti tú ká. Ìgbà méjèèjì yìí ni ìwé yìí dá lé.

KÍ NI ÌTỌ́JÚ ÌDẸ̀RÙN?

Àwọn àgbà ní àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n títí ikú yóò fi dé, ìrora ṣeé wò. Èémí tó ń há, èébì, àìróorunsùn àti ìbẹ̀rù náà ṣeé wò. Ìtọ́jú tó dojú kọ àwọn nǹkan wọ̀nyí ni à ń pè ní ìtọ́jú ìdẹ̀rùn. Lọ́sibítù, palliative care ni ẹ ó gbọ́ tí wọ́n ń pè é.

Cicely Saunders, dókítà ará Ìlú Ọba, ló dá ilé ìtọ́jú St Christopher's sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀n lọ́dún 1967, ibẹ̀ sì ni ètò yìí ti tàn káyé. Lọ́dún 1993, Anne Merriman dá Hospice Africa sílẹ̀ ní Uganda, ó sì fi hàn pé mọ́fíìnì olómi tí kò wọ́n lè mú ìrora rọlẹ̀ fún tálákà nínú ilé ara rẹ̀. Nílẹ̀ Yorùbá, ọsibítù UCH n'Íbàdàn ní ikọ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, tó sì ń tọ aláìsàn lọ sílé. Síbẹ̀, ohun tó kù láti ṣe pọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé mílíọ̀nù 56.8 èèyàn ló nílò ìtọ́jú yìí lọ́dọọdún káàkiri ayé. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, nǹkan bí 14 péré ló ń rí i gbà.

Ìtọ́jú yìí wà fún ẹni tó ní jẹjẹrẹ, ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀, ẹni tí rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀, àti arúgbó tí kò dá ọmọ rẹ̀ mọ̀ mọ́. Kò dìgbà tí ìtọ́jú mìíràn bá tán kí ẹ tó béèrè rẹ̀. Wọ́n lè jọ máa lọ pọ̀. Bí ẹbí bá gba ìtọ́jú ìdẹ̀rùn, kò túmọ̀ sí pé wọ́n ti fi aláìsàn sílẹ̀ fún ikú. Kì í yá ikú lọ́wọ́, kì í sì í dá a dúró.

OÒGÙN ÌRORA ÀTI Ẹ̀RÙ TÓ WÀ NÍDÌÍ RẸ̀

Kò sí ẹ̀sìn tó ní kí aláìsàn máa jẹ̀rora mọ́jú láti fi hàn pé òun ní ìgbàgbọ́. Láti ọdún 1986 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi ìlànà lélẹ̀: a ó bẹ̀rẹ̀ láti orí oògùn bíi parasitámọ́ọ̀lù, bí kò bá ràn án, a ó bọ́ sí èyí tó lágbára jù ú lọ, títí dé orí mọ́fíìnì.

Ẹ̀rù mọ́fíìnì máa ń ba ọ̀pọ̀ ẹbí. Wọ́n ti rí ohun tí tramadol ṣe fún àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò. Wọ́n sì rántí pé lọ́dún 2018, ìjọba àpapọ̀ fòfin de oògùn ikọ́ olómi tó ní codeine nínú. Ẹ̀rù yẹn ní ìdí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹni tó ń lo oògùn nílòkulò àti ti ẹni tí jẹjẹrẹ ń jẹ egungun rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí dókítà bá wọn mọ́fíìnì fún aláìsàn nítorí ìrora, ó ṣọ̀wọ́n kó di bárakú. Bí wọ́n bá lò ó bó ṣe yẹ, kì í pa èèyàn.

Ẹ fi àwọn nǹkan wọ̀nyí sọ́kàn:

- Mọ́fíìnì olómi sábà máa ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́rin. Ẹ fún un lásìkò, kí ìrora má tún gbérí kí ẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá a.
- Ó máa ń jẹ́ kí ìgbọ̀nsẹ̀ le. Ẹ gba oògùn tó ń mú ìgbọ̀nsẹ̀ rọ̀ mọ́ ọn láti ọjọ́ kìíní.
- Oorun àti èébì lè yọ lẹ́nu ní ọjọ́ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà á sábà rọlẹ̀.
- Bí aláìsàn bá ní àrùn kíndìnrín, ẹ rán dókítà létí kó tó wọn oògùn.
- Ẹ má ṣe dá oògùn yìí dúró lójijì. Ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó.
- Bí aláìsàn kò bá ṣeé jí mọ́, tàbí tí èémí rẹ̀ falẹ̀ gan-an lẹ́yìn tó lo oògùn, ẹ pe dókítà kíákíá.
- Ẹ má ra oògùn ìrora líle lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri ọjà. Ọwọ́ dókítà àti ilé oògùn ọsibítù ni ẹ ti gbà á.

BÍ A ṢE Ń TỌ́JÚ RẸ̀ NÍLÉ

Ilé ni ọ̀pọ̀ àgbà fẹ́ wà, láàárín àwọn ọmọ àti ọmọ ọmọ. Iṣẹ́ ńlá ni fún olùtọ́jú, pàápàá bó bá já lé ìyàwó tàbí ọmọbìnrin kan ṣoṣo lórí. Kí ẹbí jókòó pín in: ta ni yóò wà níbẹ̀ lóru, ta ni yóò máa gbé oúnjẹ wá, ta ni yóò máa gba oògùn?

Ara: Ẹ máa yí i padà ní wákàtí méjì méjì, kí ara má baà bó. Ẹ jẹ́ kí aṣọ ibùsùn wà ní gbígbẹ. Bí ojú ibì kan bá ti ń pọ́n ní ìdí tàbí ní gìgísẹ̀, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì.

Ẹnu: Ẹ fi aṣọ rírọ̀ tí ẹ rẹ sínú omi mímọ́ nu ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan lóòjọ́. Ẹ fi òrí ra ètè rẹ̀.

Oúnjẹ: Ara tó ń palẹ̀ mọ́ kì í béèrè oúnjẹ púpọ̀. Bí ó bá ní òun kò fẹ́ ẹ̀kọ, òun kò fẹ́ àmàlà, ẹ má fipá bọ́ ọ, kí oúnjẹ má baà gba ọ̀nà òdì lọ́fun rẹ̀. Kì í ṣe ebi ló ń pa á lọ. Àìsàn náà ni.

Èémí: Ẹ gbé orí àti àyà rẹ̀ sókè pẹ̀lú ìrọ̀rí, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ níwájú. Ẹ dín èrò inú yàrá kù.

Ìjọsìn: Aláìsàn tí kò lè dìde lè kírun ní ìjókòó tàbí ní ìdùbúlẹ̀, bí omi bá sì léwu fún un, tàyámọ́mù wà. Kristẹni lè ní kí pásítọ̀ wá gbàdúrà tàbí kó wá fún òun ní Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Ẹ bi í léèrè ohun tó fẹ́.

Ní ọjọ́ ìkẹyìn, aláìsàn lè máa sùn ṣáá, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lè tutù, èémí lè máa dúró kó tún padà, ọ̀fun rẹ̀ sì lè máa dún. Ìdún yẹn máa ń dẹ́rù ba ẹbí ju bó ṣe ń ni aláìsàn lára lọ. Ẹ yí i kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ẹ máa bá a sọ̀rọ̀, nítorí ó ṣeé ṣe kó ṣì máa gbọ́.

Ọ̀RỌ̀ TÓ YẸ KÍ Á SỌ NÍGBÀ TÍ OHÙN ṢÌ Ń JÁDE

Sísọ̀rọ̀ ikú kò pa ẹnikẹ́ni rí. Ohun tó máa ń da ẹbí rú ni pé kí bàbá wà lórí ibùsùn láìlè sọ̀rọ̀ mọ́, kí ọmọ kan ní Pàkátà máa sọ pé kí wọ́n gbé e wálé, kí èyí tó wà ní Lọ́ńdọ̀n máa pariwo lórí fóònù pé kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù mìíràn.

Ẹ lè fi pẹ̀lẹ́ bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Bàbá, ẹ̀mí yín á gùn, lágbára Ọlọ́run. Àmọ́ bí ara bá tún ṣe bí ti oṣù tó kọjá, kí lẹ fẹ́ kí á ṣe?" Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè nǹkan mẹ́rin:

1. Ṣé ẹ fẹ́ kí dókítà sọ gbogbo òótọ́ fún yín, àbí ọmọ wo ni kó sọ ọ́ fún?
2. Bí ẹ kò bá lè sọ̀rọ̀ mọ́, ta ni kó máa bá wa dá dókítà lóhùn?
3. Ibo lẹ fẹ́ wà? Ìtọ́jú wo ni ẹ kò fẹ́ mọ́?
4. Gbèsè wo ló wà nílẹ̀, ta ló jẹ yín, ohun ìní ta ló wà ní ìpamọ́ lọ́dọ̀ yín?

Ẹ kọ ìdáhùn sílẹ̀, kí ẹ sì ka á sétí àwọn ọmọ tó wà nílé àti lókè òkun.

ÌWÉ ÀTI OGÚN

Ẹ kó ìwé ilẹ̀, ìwé báńkì, ìwé owó ìfẹ̀yìntì àti ìwé ọsibítù sójú kan, kí èèyàn méjì ó kéré tán mọ ibẹ̀. Orúkọ tí ẹ kọ sí báńkì gẹ́gẹ́ bí next of kin kò sọ ẹni náà di ajogún. Ẹni tí báńkì á kàn sí lásán ni.

Fún Mùsùlùmí, owó ìsìnkú àti gbèsè ni a ń kọ́kọ́ yọ kí á tó pín ohunkóhun. Wàsíyà kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó kù lọ, a kì í sì í ṣe é fún ẹni tó ti jẹ́ ajogún, àfi bí àwọn ajogún yòókù bá gbà. Òfin ìwé ìhágún ìpínlẹ̀ Kwara kò fàyè gba Mùsùlùmí láti kọ ohun tó tako òfin ogún Ìsìláàmù. Bí aáwọ̀ ogún bá ṣẹlẹ̀, Area Court ni ẹ ó kọ́kọ́ lọ. Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn Ṣẹ̀ríà sì wà ní Ìlọrin.

Ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí lè kọ ìwé ìhágún, kó fọwọ́ sí i lójú ẹlẹ́rìí méjì tí wọ́n jọ wà níbẹ̀. Kí ẹlẹ́rìí má jẹ́ ẹni tí yóò jogún nínú rẹ̀, tàbí ọkọ tàbí aya onítọ̀hún. Ẹ lè fi ìwé náà pa mọ́ sí ọ́fíìsì Probate ní Ilé-ẹjọ́ Gíga.

Bí ikú bá dé, kódà bó jẹ́ nílé, ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Àjọ Ètò Ìkànìyàn, NPC, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí ikú. Ẹ ó nílò rẹ̀ ní báńkì àti níbi owó ìfẹ̀yìntì.

LẸ́YÌN FÌDÁÙ

Ẹkún kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Ànábì Muhammad sunkún nígbà tí Ibrahim ọmọ rẹ̀ kú. Jésù sunkún níbojì Lásárù. Ẹ má sọ fún ọkùnrin pé kó má sunkún.

Ọ̀fọ̀ kò ní ọjọ́ pàtó tí ó máa tán. Ó lè rọlẹ̀ lóṣù kẹta, kó tún ru sókè lọ́jọ́ Iléyá tàbí Kérésì. Àìróorunsùn, àìlèjẹun, ìbínú, kéèyàn máa rò pé òun gbọ́ ohùn olóògbé: gbogbo rẹ̀ lè wáyé, ó sì máa ń dín kù díẹ̀díẹ̀.

Opó: Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni tákàbá, ìyẹn opó ṣíṣe Mùsùlùmí, bó bá lóyún, ó di ìgbà tó bá bímọ. Opó tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà kò gbọdọ̀ torí rẹ̀ pa kílíníìkì tì. Àwọn onímọ̀ Ìsìláàmù gbà kó jáde lọ́sàn-án fún ohun tó pọn dandan, ìtọ́jú ara sì wà lára rẹ̀. Òfin VAPP tó ń gbógun ti ìwà ipá sí èèyàn, tí ìpínlẹ̀ Kwara náà ti gbà wọlé, ka fífi ìyà jẹ opó sí ìwà ọ̀daràn.

Ọmọdé: Ẹ má sọ fún un pé ìyá rẹ̀ rìnrìn àjò, nítorí á máa retí rẹ̀. Ẹ má sọ pé ó ń sùn, kí oorun má baà máa bà á lẹ́rù. Ẹ sọ pé ó ti kú, pé kò ní padà wá, pé kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ náà, kí ẹ sì sọ ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀.

Òbí tí ọmọ kú mọ́ lọ́wọ́: Àṣà wa kì í jẹ́ kí òbí mọ sàréè ọmọ, wọ́n á sì ní kí ìyá tètè gbàgbé. Kò ní gbàgbé. Bí ó bá fẹ́ rí ọmọ náà kí wọ́n tó gbé e lọ, ẹ gbà á láyè. Bí ó bá ń dárúkọ rẹ̀, ẹ má pa á lẹ́nu mọ́.

Ìnáwó: Nígbà tí Jafar, ọmọ arákùnrin bàbá Ànábì, kú, Ànábì ní kí wọ́n se oúnjẹ lọ fún ẹbí rẹ̀. Aládùúgbò ló yẹ kó gbé oúnjẹ wá. Kò yẹ kí opó yáwó bọ́ àlejò.

Bí oṣù mẹ́fà bá ti kọjá, tí èèyàn kò sì lè ṣiṣẹ́, tí kò wẹ̀, tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ọ̀fọ̀ náà ti di àìsàn tó nílò ìtọ́jú. Ẹ mú un lọ sí ọsibítù. Ní UITH, ọsibítù Yunifásítì Ìlọrin, ẹ̀ka Behavioural Sciences ló ń rí sí ìlera ọpọlọ. Ẹni tó bá sọ pé òun fẹ́ kú tẹ̀ lé olóògbé, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé e lọ, kí ẹ má dúró de oṣù mẹ́fà kankan.

Ọ̀RỌ̀ ÌPARÍ

Ẹ̀yin áfáà, pásítọ̀ àti Mágàjí, ẹ bá wa sọ ọ́ nínú wáàsí àti ní ìpàdé agbo ilé pé ìrora ṣeé wò. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má dúró di ìgbà tí wọ́n bá sáré gbé òbí yín dé ẹnu ọ̀nà ọsibítù kí ẹ tó béèrè ohun tó fẹ́. Nígbà mìíràn tí ẹ bá bá a lọ rí dókítà, ẹ bi dókítà ní ìbéèrè méjì yìí: "Kí ni a lè ṣe kí ìrora yìí dín kù? Ibo ni a ti lè rí ìtọ́jú ìdẹ̀rùn?" Ẹ̀tọ́ aláìsàn ni, kì í ṣe ojú rere tí a ń tọrọ.