ÌBÒ ẸNÌ KAN ṢOṢO, ṢÉ Ó TÓ NǸKAN? Ẹ wo ohun tí ìbò 482 ṣe l'Ọ́ṣun!

"Ìbò tèmi nìkan kọ́ ni yóò sọ wọ́n di gómìnà. Ọjà mi ni n ó jókòó tà ní tèmi."

Ìyá kan tó ń ta ata l'ọ́jà ló sọ bẹ́ẹ̀ fún èmi akọ̀ròyìn yín. Mo kí wọn, mo ra ata, mo wá béèrè bóyá wọ́n ti gba káàdì ìdìbò. Ni wọ́n bá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní: "Ọmọ mi, ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn ló máa dìbò. Bí mo lọ, bí n ò lọ, kí ló máa yí padà?" Télọ̀ tó wà ní ìsọ̀ kejì mi orí, ó ní òótọ́ pọ́ńbélé ni màmá sọ.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, n ò bá wọn jiyàn. Ọmọdé kì í bá àgbà jiyàn láàárín ọjà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi. Mo wá àwọn ìwé ìròyìn jáde, mo ka èsì ìbò tilé toko. Ohun tí mo rí ni pé ọ̀rọ̀ màmá jóòótọ́ níbì kan, kò sì jóòótọ́ níbòmíràn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta gàrí, ẹ mọ̀ pé gàrí kan náà ni, ṣùgbọ́n kọ́ńgò tí a fi wọ̀n ọ́n ló ń sọ iye tó máa jẹ́. Bí ìbò náà ṣe rí nìyẹn. Òfin tí wọ́n fi ń kà á ni kọ́ńgò rẹ̀.

Ọ̀ṢUN, 2018

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Nínú ìbò gómìnà tiwa, ẹni tí ìbò rẹ̀ pọ̀ jù ló ń wọlé, bó bá ti rí ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìjọba ìbílẹ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2018, Adémọ́lá Adélékè ti ẹgbẹ́ PDP ní ìbò 254,698 l'Ọ́ṣun. Gbóyèga Oyètọ́lá ti APC ní 254,345. Ìbò 353 péré ló wà láàárín wọn! Ìyẹn ò tó èrò tí ń bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò l'ọ́jọ́ ọjà.

Àjọ INEC ní ìbò ò tíì parí, torí pé wọ́n fagi lé ìbò ní ibùdó 7, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ sì jẹ́ 3,498, wọ́n ju 353 lọ. Wọ́n tún un dì ní ọjọ́ 27 oṣù náà. Àríwísí pọ̀ lórí àtúndì yẹn, ẹjọ́ sì dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní 2019, ṣùgbọ́n Oyètọ́lá ló di gómìnà: 255,505 sí 255,023. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 482.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ibùdó ìdìbò tó wà l'Ọ́ṣun nígbà náà lé ní 3,000. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá ti dìde nílé nínú ibùdó mẹ́fà mẹ́fà, tó lọ dìbò fún ẹni tó fìdí rẹmi, ìbò bíi 500 nìyẹn, ì bá sì yí gbogbo rẹ̀ padà. N ò sọ pé ẹni tó wọlé ló dáa tàbí ẹni tí kò wọlé. Mo kàn ń sọ pé àwọn tó ní "ìbò tèmi nìkan kọ́" l'ọ́jọ́ náà, wọ́n ju 482 lọ dáadáa!

12 ÀTI ÌDÁ MÉJÌ NÍNÚ MẸ́TA

Ti ààrẹ yàtọ̀ díẹ̀. Ẹ̀yin àgbà á rántí 1979. Òfin ní kí ààrẹ ní ìbò tó pọ̀ jù, kó sì ní ìdá kan nínú mẹ́rin ní ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ 19 tó wà nígbà náà. Shẹ́hù Shàgàrí ló ṣíwájú Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ nínú iye ìbò, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ 12 ló ti rí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ní Kánò, tí ì bá jẹ́ ìkẹtàlá, ohun tó rí ò tó ìdá 20 nínú 100. Ariwo ta: ṣé ìpínlẹ̀ 13 ni òfin ń wí, àbí 12 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta? Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá Shàgàrí láre.

Irú òfin yẹn ṣì wà lónìí, àmọ́ ó ti di ìpínlẹ̀ 36 àti Àbújá. Nítorí náà, bí ẹ bá tilẹ̀ ń gbé ní ìpínlẹ̀ tí ẹni yín ò lè borí, ẹ má jókòó. Ìbò yín lè jẹ́ èyí tó máa gbé e dé ìdá kan nínú mẹ́rin níbẹ̀.

L'Ẹ́YÌN ODI

L'Amẹ́ríkà, aṣojú 538 ló ń yan ààrẹ. Ní ìpínlẹ̀ tó pọ̀ jù níbẹ̀, ẹni tó fi ìbò kan borí ló ń kó gbogbo aṣojú ìpínlẹ̀ náà lọ. Ní 2000, Al Gore fi ìbò tó lé ní 500,000 ju George Bush lọ káàkiri orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n Bush fi 537 borí ní Florida, ó sì di ààrẹ. Ìbò kan ní Florida l'ọ́dún yẹn, wúrà ni. Ní ìpínlẹ̀ tí ẹgbẹ́ kan ti máa ń borí tipẹ́tipẹ́, ọ̀rọ̀ màmá aláta fẹ́rẹ̀ẹ́ jóòótọ́.

Ní ìlú Òyìnbó, ẹni kan ṣoṣo ni àgbègbè kọ̀ọ̀kan ń rán lọ sílé aṣòfin, bíi tiwa níbí. Ní 2015, ẹgbẹ́ UKIP ní ìbò tó lé ní mílíọ̀nù 3.8 níbẹ̀, àga kan ṣoṣo ni wọ́n rí. Ẹgbẹ́ SNP ò ní tó mílíọ̀nù 1.5, wọ́n kó àga 56, torí ojú kan náà ni ìbò tiwọn kó jọ sí. Ṣùgbọ́n ní South Africa, bí ìbò bá ṣe tó ni àga ṣe ń tó. Ní 2024, ẹgbẹ́ ANC ní nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 ìbò, wọ́n sì gba àga 159 nínú 400. Ẹgbẹ́ kékeré náà ń rí tirẹ̀ mú.

Ní Benin tó múlé tì wá ńkọ́? Bí ẹnikẹ́ni ò bá rí ju ìdajì lọ, àwọn méjì tó ṣíwájú á tún un dù. Ní 2016, Lionel Zinsou ló ṣíwájú nígbà àkọ́kọ́, Patrice Talon ló ṣe ipò kejì. Nígbà tí wọ́n tún un dì, Talon ló wọlé! Ẹni tí ẹni tirẹ̀ já sílẹ̀ l'ẹ́ẹ̀kíní ṣì ní iṣẹ́ láti ṣe.

"WỌ́N Á KỌ OHUN TÓ WÙ WỌ́N"

Mo mọ̀ pé àwọn kan á sọ èyí. Ọ̀rọ̀ gidi ni, a ò gbàgbé June 12, 1993, tí ìjọba ológun fagi lé ìbò tí gbogbo ayé rí. Ìbò tí a ò bá kà bó ṣe yẹ, òfin wo ló lè gbà á? Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹni tó dìbò dúró, kó gbọ́ èsì ibùdó rẹ̀ létí ara rẹ̀.

Mo padà lọ bá màmá aláta. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn, wọ́n ń fẹ́ ata wọn, wọn ò sọ̀rọ̀. Mo wá bi wọ́n pé: "Màmá, ẹ̀yin tí ẹ ti ń tajà tipẹ́, ṣé ẹ ti rí ẹni tó ń fi owó ra ohun tí kò wúlò rí?"

Wọ́n ní: "Àfi bó bá ya wèrè."

Mo ní: "Kí ló wá dé tí àwọn olóṣèlú fi ń gbé owó kiri l'ọ́jọ́ ìdìbò láti ra ìbò yín?"

Wọ́n wò mí títí, wọ́n wá kígbe sí télọ̀: "O gbọ́ ohun tí ọmọ yìí wí?" Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè ibi tí ọ́fíìsì INEC wà ní ìjọba ìbílẹ̀ wa. Mo júwe rẹ̀ fún wọn.

Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ̀yin ìyá wa l'ọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́? Kí lẹ rí sí i? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa. Ení tere, èjì tere, lọjà fi ń kún.