Òkúta Tó Yọ́ Nígbà Tí Ilẹ̀ Mì: Àmì Ìmìtìtì Ilẹ̀ Àtijọ́ Nínú Àpáta

Àwọn ìmìtìtì ilẹ̀ tó lágbára jù lọ láyé máa ń ṣẹlẹ̀ níbi tí awẹ́ kan lára èèpo ilẹ̀ ayé ti ń rì sábẹ́ èkejì. Irú ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti mì ní Chile ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 1960. Ìwọ̀n 9.5 ni, kò sì sí èyí tí ẹ̀rọ tíì wọ̀n tó ga tó o. Irú ibẹ̀ náà ni ti Sumatra ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2004 àti ti Jàpáánì ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2011. Awẹ́ tó ń rì kì í yára, sẹ̀ǹtímítà mélòó kan ló ń rìn lọ́dún. Àmọ́ bí ojú ibi tí awẹ́ méjèèjì ti fara kanra bá há fún ìgbà pípẹ́, tó wá tú lójijì, ìrìn tó yẹ kó gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún lè parí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ẹ̀rọ tó ń gba ohùn ilẹ̀ sílẹ̀ kò tíì lò ju ọgọ́rùn-ún ọdún àti díẹ̀ lọ láyé, ọwọ́ ènìyàn kò sì tó ibi tí nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀. Ihò tó jìn jù lọ tí wọ́n tíì gbẹ́ lọ sísàlẹ̀, èyí tó wà ní Kola ní Rọ́ṣíà, 12,262 mítà péré ni. Bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ìmìtìtì ilẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láti 70 kìlómítà sí 300, àwọn mìíràn tilẹ̀ jìn tó 700. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ àpáta fi ń wá òkúta tó ti dé ọ̀hún rí, tí ooru àti ìfúnpọ̀ sọ di nǹkan mìíràn, tí ìrìn ilẹ̀ sì tún gbé padà sókè, kí wọ́n lè ka ohun tó ṣẹlẹ̀ lára rẹ̀.

BÍ ÒKÚTA ṢE Ń YỌ́

Bí ènìyàn bá fi àtẹ́lẹwọ́ méjì ra ara wọn kíákíá, wọ́n á gbóná. Bó bá rọra fà wọ́n, ooru náà á ti fẹ́ lọ kó tó mọ̀ ọ́n lára. Bó ṣe rí fún àpáta náà nìyẹn. Nígbà tí ilẹ̀ bá ń mì, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ibi tó sán lè máa yẹ̀ lára wọn ní ìwọ̀n mítà kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ooru kò ráyè sá, òkúta ojú ibẹ̀ á yọ́. Èyí tó yọ́ á ṣàn wọ inú àwọn ihò tóóró tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, á tutù kíákíá, á sì di ìlà dúdú tó le bíi dígí.

Orúkọ tí wọ́n ń pe ìlà dúdú yìí ni pseudotachylyte. Samuel James Shand ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1916, nígbà tó ń ṣàlàyé òkúta ìlú Parys ní Gúúsù Áfíríkà. Òkúta ti Parys gan-an kì í ṣe iṣẹ́ ìmìtìtì ilẹ̀ lásán: òkúta ńlá kan tó já bọ́ láti ojú sánmà ló kọ lu ilẹ̀ ibẹ̀ ní nǹkan bíi bílíọ̀nù méjì ọdún sẹ́yìn, ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Vredefort. Nítorí náà, kí onímọ̀ tó gbà pé ilẹ̀ ló mì, ó ní láti wò ó bóyá ìlà náà wà lójú ibi tí àpáta ti sán, tí ẹ̀gbẹ́ kan sì ti yẹ̀ kúrò lára èkejì. Richard Sibson ló là á yé àwọn onímọ̀ ní ọdún 1975, láti inú àpáta erékùṣù Outer Hebrides ní Scotland, pé irú ìlà bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ àmì ìmìtìtì ilẹ̀ ayé àtijọ́.

IBI TÍ ÀMÌ NÁÀ WÀ

Corsica, ilẹ̀ Faransé. Ní àríwá erékùṣù yìí ni òkè Cima di Gratera wà. Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun kan tó ti parẹ́ ni àpáta ibẹ̀: ó rì, ó sì tún gòkè wá nígbà tí àwọn òkè Alps ń dìde. Håkon Austrheim àti Torgeir Andersen láti Oslo kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 2004 àti 2006. Ìlà dúdú gba inú àpáta kọjá tààrà, ẹ̀ka kéékèèké sì ya lára rẹ̀ wọ inú àpáta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn ẹ̀ka yìí ló tú àṣírí: ohun tó le kò lè ṣàn wọ inú ihò tóóró. Lábẹ́ ẹ̀rọ amú-nǹkan-tóbi, olivine, òkúta wíwẹ́ tó wà nínú ìlà náà, gùn, ó sì tín-ín-rín, bí ó ṣe máa ń rí nígbà tí nǹkan gbígbóná bá tutù lójijì. Kí irú àpáta yìí, peridotite, tó lè yọ́ pátápátá, ooru ojú ibẹ̀ ní láti ju 1,700°C lọ. Nínú àwọn ìlà tó wà lára gabbro, àpáta mìíràn tó wà níbẹ̀, wọ́n rí glaucophane, òkúta aláwọ̀ aró tó jẹ́ pé ibi tí ìfúnpọ̀ pọ̀ tí ooru kò sì pọ̀ ló ti ń hù. Bí inú awẹ́ tó ń rì ṣe rí gan-an nìyẹn.

Holsnøy, Nọ́wè. Erékùṣù kan nítòsí ìlú Bergen ni. Nígbà tí ilẹ̀ méjì kọ lu ara wọn ní ohun tó ju 400 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, àpáta gbígbẹ ibẹ̀ rì lọ sí ìjìnlẹ̀ bíi 50 kìlómítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níbẹ̀ ni ó ti sán, tó sì yọ́. Austrheim àti Boundy kọ̀wé lé e lórí ní 1994.

Monviso, Ítálì. Òkè tó ga ní 3,841 mítà, tí odò Po ti ṣẹ̀, ni. Ní ọdún 2012, Samuel Angiboust àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé àpáta fífọ́ ibẹ̀: gánẹ́ẹ̀tì tó fọ́, tí òkúta tuntun sì so pọ̀ padà. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìmìtìtì ilẹ̀ ní ìjìnlẹ̀ nǹkan bíi 80 kìlómítà ló fọ́ ọ.

Shikoku, Jàpáánì. Inú àpáta tí wọ́n ń pè ní Shimanto, èyí tó kóra jọ lábẹ́ òkun láyé àtijọ́, ni ìlà dúdú ti wà níbí. Ibi tó ti yọ́ kò jìn tó ti Corsica, ṣùgbọ́n ó kan ará Jàpáánì gbọ̀ngbọ̀n, torí irú àpáta yìí ṣì ń kóra jọ lábẹ́ òkun níwájú erékùṣù náà, níbi tí ilẹ̀ ti mì ní 1944 àti 1946.

OHUN TÍ ÒKÚTA YÌÍ KỌ́ WA

Ìbéèrè tó ti ń da àwọn onímọ̀ láàmú láti ìgbà tí Kiyoo Wadati ti fi hàn ní 1928 pé ilẹ̀ ń mì ní ìjìnlẹ̀ gidi ni pé: báwo ni àpáta ṣe ń sán níbi tí ìfúnpọ̀ ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, nígbà tó yẹ kó máa rọra fà? Àwọn kan ní omi ni: òkúta tó ń rì gbé omi sínú, ooru á yọ omi náà jáde, omi á sì sọ ibẹ̀ di aláìlágbára. Àwọn mìíràn ní àpáta gbígbẹ gan-an ló ń fara gba wàhálà títí tó fi já, tí ooru ibi tó já sì ń mú kó túbọ̀ yẹ̀. Àpáta Holsnøy gbe àwọn tó ní àpáta gbígbẹ ni, nítorí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí omi nínú rẹ̀ kó tó sán.

Àpáta náà tún fi ohun kan kún un. Lẹ́yìn tí ilẹ̀ mì, omi rí ojú ọ̀nà gba ibi tó sán wọlé. Ibi tí omi dé di eclogite, àpáta tó wúwo tó kún fún gánẹ́ẹ̀tì. Ibi tí kò dé wà bó ṣe wà látijọ́, bí ooru àti ìfúnpọ̀ ibẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Èyí fi hàn pé ìmìtìtì ilẹ̀ kì í kàn fọ́ àpáta kó sì lọ. Òun ló ń pinnu apá tí yóò yí padà àti èyí tí kò ní yí.

Irú ìlà bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kò túmọ̀ sí pé ilẹ̀ kò mì. Dígí kì í tọ́jọ́ nínú ilẹ̀: omi àti ooru á sọ ọ́ di nǹkan mìíràn, fífà ilẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà á sì pa ìrísí rẹ̀ rẹ́.

NÍ ÀGBÈGBÈ TIWA

Lónìí, kò sí awẹ́ tó ń rì lábẹ́ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ó wà nígbà kan rí. Eclogite wà ní òkè Lato ní Tógò, ó wà ní Gourma ní Màlì, ó sì wà ní Ceará ní Bràsíl. Iṣẹ́ ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2014 fi hàn pé àkókò kan náà ni wọ́n rì, ní nǹkan bí 610 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, nígbà tí Áfíríkà àti Bràsíl ń para pọ̀ di ilẹ̀ kan. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àmì ìmìtìtì ilẹ̀ nìyẹn o. Eclogite ń jẹ́rìí pé ilẹ̀ rì. Ìlà dúdú tó yọ́ ló ń jẹ́rìí pé ó mì.

ÀWỌN ỌDÚN TÓ YẸ KÍ A MỌ̀

1916: Shand sọ òkúta Parys ní pseudotachylyte.
1928: Wadati fi hàn pé ilẹ̀ ń mì ní ìjìnlẹ̀ gidi.
1960: Ìmìtìtì ilẹ̀ Chile, ìwọ̀n 9.5.
1975: Sibson so ìlà dúdú mọ́ ìmìtìtì ilẹ̀ àtijọ́.
1994: Ìwé lórí Holsnøy jáde.
2004: Ìwé àkọ́kọ́ lórí Corsica jáde; ilẹ̀ mì ní Sumatra.
2012: Ìwé lórí Monviso jáde; ọkọ̀ ojú omi Chikyu gbẹ́ ilẹ̀ dé ojú ibi tó sán nígbà tí ilẹ̀ mì ní Jàpáánì ní 2011.