Ìjókòó Tí A Fi Ara Awakọ̀ Mọ

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé aránṣọ kì í gé aṣọ láìkọ́kọ́ wọn ara ẹni tí yóò wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n aránṣọ kò tó fún ẹni tí ń wa ọkọ̀ eré ìje ẹlẹ́nìkan. Ọkọ̀ yìí kò ní àyè fún èrò, táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà ní ìta gbangba, inú rẹ̀ sì há tó bẹ́ẹ̀ tí awakọ̀ kò lè yí ìdí padà nínú rẹ̀. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, a kì í fi okùn wọn ara. Ara rẹ̀ gan-an ni a fi ń ṣe àwòṣe. Yóò wọ inú ọkọ̀, yóò jókòó lé àpò tí ohun olómi kan wà nínú rẹ̀. Ohun náà yóò hó, yóò wú yí i ká, yóò sì le. Nígbà tí ó bá dìde, ìjókòó ti wà nílẹ̀, ti òun nìkan ṣoṣo. Bí a ti ń ṣe é, àti ìdí tí a fi ń ṣe wàhálà tó bẹ́ẹ̀ lórí àga, ni mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé nítorí ìgbádùn ni. Nígbà tí ọkọ̀ Formula One bá wà lórí eré tí awakọ̀ sì tẹ bíréèkì gidigidi, tàbí tí ó gba kọ́nà gígùn láìdín eré kù, agbára tí ń ti ara rẹ̀ lè tó ìlọ́po márùn-ún ìwúwo rẹ̀. Bí ó bá wọn kílógíráàmù 70, ó dà bí ẹni pé ẹrù kílógíráàmù 350 ni ó fi ara tì í, nísinsìnyí láti ọ̀tún, láìpẹ́ láti òsì, lẹ́yìn náà láti ẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa rí ní kọ́nà lẹ́yìn kọ́nà fún bíi wákàtí kan àti ààbọ̀. Bí àlàfo bá wà láàrin ìbàdí rẹ̀ àti ìjókòó, ara rẹ̀ yóò máa rọ́ síhìn-ín, yóò máa rọ́ sọ́hùn-ún. Kí ni yóò wá ṣe? Sítíárì ni yóò dì mú, bí ẹni tí odò ń gbé lọ ti ń di ẹ̀ka igi mú. Ọwọ́ tí ó yẹ kí ó máa darí ọkọ̀ yóò di ọwọ́ tí ń gba ara là, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi rẹ̀ ẹ́.

Ìdí kejì kò hàn sí ojú. Awakọ̀ a máa fi ìbàdí gbọ́ ohun tí ọkọ̀ ń sọ. Bí táyà ẹ̀yìn bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lórí ọ̀nà, ìdí àti ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ mọ̀, kí ojú tó rí i pé imú ọkọ̀ ti yà. Tìmùtìmù tí ó rọ̀ yóò gbé irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ mì kí ó tó dé ara. Nítorí náà ni ìjókòó yìí fi máa ń le bí igi, tí ó sì máa ń ya àlejò lẹ́nu nígbà àkọ́kọ́ tí ó bá fọwọ́ kàn án.

Ìdí kẹta ni ó wúwo jù, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Bí ọkọ̀ bá kọlu ògiri, ohun tí ó rọ̀ yóò sún kì. Ara yóò rì sínú rẹ̀, ìgbànú ààbò yóò dẹ̀, awakọ̀ sì lè yọ́ gba abẹ́ ìgbànú náà lọ síwájú. Bí àlàfo bá sì wà lẹ́yìn ìbàdí, ibẹ̀ ni ọ̀pá-ẹ̀yìn yóò tẹ̀ sí. Ọ̀pá-ẹ̀yìn ẹni tí ó fẹ̀yìn tì báyìí kì í ṣe ohun tí a lè fi ṣeré. Ní ọdún 2009, ní Sonoma ní California, Will Power, ará Australia, gun òkè ọ̀nà kan, ó sì bá ọkọ̀ mìíràn tí ó dúró sójú ọ̀nà níwájú rẹ̀. Ó kọlù ú, eegun ọ̀pá-ẹ̀yìn rẹ̀ sì fọ́. Ẹni tí ń mọ ìjókòó ní láti ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́kàn.

Kì í ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó ti rí bẹ́ẹ̀. Ní àwọn ọdún 1950, àwọn awakọ̀ bí Juan Manuel Fangio, ará Argentina, a máa jókòó ṣánṣán bí ẹni tí ó wà nídìí tábìlì, sítíárì ńlá níwájú àyà wọn, láìsí ìgbànú kankan. Ní ọdún 1962 ni Colin Chapman ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé Lotus 25 jáde, ọkọ̀ tínrín tí ara rẹ̀ dà bí ìkarahun, tí Jim Clark sì ń fẹ̀yìn lélẹ̀ nínú rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà rí ohun púpọ̀ kọlù. Láti ìgbà náà ni awakọ̀ ti di ẹni tí ń rọ̀gbọ̀kú wakọ̀. Ní tòótọ́, ọ̀rọ̀ náà “ìjókòó” kò bá a mu dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n bí a bá pè é ní “ibùsùn” ọ̀rọ̀ náà yóò tún burú sí i. Nítorí náà n ó di “ìjókòó” mú.

Kì í ṣe ilé iṣẹ́ ńlá nìkan ni ó ń ṣe é. Nínú eré ìje Formula Ford, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Brands Hatch ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1967 fún àwọn tí owó wọn kò pọ̀, awakọ̀ àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì lè ṣe é láàrin ọjọ́ kan. Tiwọn ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ọ̀dọ̀ wọn ni iṣẹ́ náà ti hàn sí gbangba jù.

Kí wọ́n tó ṣí ìgò kankan, wọ́n ní láti mọ ibi tí ara yóò wà. Awakọ̀ yóò wọ gbogbo ẹ̀wù eré rẹ̀, bàtà rẹ̀, àṣíborí rẹ̀, àti ohun ìdáàbòbò ọrùn tí ń jókòó lé èjìká, nítorí pé ìnípọn aṣọ pàápàá ní ipa tirẹ̀. Lẹ́yìn náà yóò wọ inú ọkọ̀ tí a ti yọ ìjókòó rẹ̀ kúrò, wọn yóò sì máa fi pákó pẹlẹbẹ tàbí ègé fóòmù há abẹ́ ìdí àti ẹ̀yìn rẹ̀ títí ara yóò fi bọ́ sí ipò. Ìgbọ̀nwọ́ gbọ́dọ̀ ká díẹ̀ nígbà tí ọwọ́ bá wà lórí sítíárì. Ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ lè tẹ bíréèkì dé òpin láìjẹ́ pé ìdí gbéra nílẹ̀. Orúnkún kò gbọ́dọ̀ kan sítíárì. Bí a bá na okùn láti orí irin tí ó wà lẹ́yìn orí awakọ̀ dé orí èyí tí ó wà níwájú, àṣíborí gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ okùn náà, kí orí má baà kanlẹ̀ bí ọkọ̀ bá dojú dé. Ìṣẹ́jú tí a bá lò lórí èyí kò ṣòfò rárá. Mo tilẹ̀ gbà pé ibí yìí ni iṣẹ́ náà wà, pé ìyókù kàn ń tẹ̀ lé e ni.

Ohun tí ó kàn ni ìbora. Fóòmù olómi yìí a máa lẹ̀ mọ́ ohunkóhun tí ó bá kàn, kì í sì í ṣí mọ́. Wọn yóò fi ọ̀rá tẹ́ gbogbo inú ọkọ̀, wọn yóò fi téèpù bo wáyà àti ihò, wọn yóò sì fi bébà tí a ká di ibi tí ìgbànú ń gbà kọjá. Awakọ̀ náà yóò wọ ògbólógbòó aṣọ lé ẹ̀wù eré rẹ̀. Nígbà náà ni wọn yóò tẹ́ àpò ọ̀rá tí ó nípọn sí ibi tí ìjókòó yóò wà.

Ohun olómi méjì ni a ń pò pọ̀, ní ìwọ̀n tí ẹni tí ó ṣe é bá kọ sára ìgò rẹ̀. Bí wọ́n bá ti pàdé báyìí, kò sí àyè fún ìjíròrò mọ́. Láàrin ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ooru yóò sì máa jáde lára wọn. Ọ̀kan nínú wọn, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní isocyanate, lè ṣe ẹ̀dọ̀fóró ní jàǹbá. Nítorí náà ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ ni a ti ń ṣe é, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti ìbomú. Ọ̀rẹ́ kan yóò da àdàlù náà sínú àpò, awakọ̀ yóò sọ̀kalẹ̀ lé e, yóò di sítíárì mú, yóò gbé ẹsẹ̀ sí ipò, kò sì ní mira mọ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Níhìn-ín ni iṣẹ́ ti sábà máa ń bàjẹ́. Bí fóòmù ti ń wú, ó ń wá ibi tí yóò gbà, ara ènìyàn sì ni ohun tí ó rọrùn jù láti tì. Yóò gbé awakọ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, yóò sì tì í síwájú, láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ mọ̀. Nígbà tí ó bá fi máa le tán, orí ti ga ju bí ó ti yẹ lọ, orúnkún sì ti súnmọ́ sítíárì. Nítorí náà ni ọ̀rẹ́ kejì fi ní láti dúró lẹ́yìn, kí ó gbé ọwọ́ lé èjìká awakọ̀, kí ó máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Àwọn tí ó gbọ́n kì í da gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n a kọ́kọ́ da èyí tí yóò gba ìdí àti ìbàdí, nígbà tí ìyẹn bá sì le, wọ́n a da ti ìhà àti èjìká. Ẹni tí ó bá sé èémí nígbà tí fóòmù ń le yóò sì rí i ní ọjọ́ ìje pé òun kò lè mí kanlẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn wà tí ó ní sùúrù ju èyí lọ. A óò da àwọn hóró róbótó kéékèèké pọ̀ mọ́ oje tí kì í tètè dì, nínú àpò tí afẹ́fẹ́ kò lè gbà wọlé. Awakọ̀ yóò jókòó lé e, a óò sì fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Àwọn hóró náà yóò há mọ́ ara wọn bí òkúta. Bí kò bá tẹ́ awakọ̀ lọ́rùn, a óò dá afẹ́fẹ́ padà, a óò sì tún un ṣe kí oje tó dì. Èmi ìbá yan èyí, bí owó bá wà.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀bẹ àti ayùn. A óò gé ètí tí ó yọ, a óò lu ihò ìgbànú, a óò sì ha ibi tí ó bá ń gún eegun èjìká. Ọ̀pọ̀ àwọn Formula Ford kò lọ jù báyìí; téèpù ni wọ́n fi ń wé e. Ṣùgbọ́n nínú Formula One, fóòmù náà jẹ́ àwòṣe lásán. A óò fi ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ ya àwòrán rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, a óò sì fi aṣọ tí a fi fọ́nrán káábọ̀nù hun, tí oje ti rin, ṣe ìjókòó gan-an ní ìpele lórí ìpele, kí a tó sè é nínú ààrò tí agbára afẹ́fẹ́ ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ra. Èdè wa ya mímọ, gbígbẹ́ àti híhun sọ́tọ̀ bí iṣẹ́ ọwọ́ mẹ́ta. Ìjókòó kan yìí gba ọwọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá.

A lè mọ ìjókòó bá ara, ṣùgbọ́n a kò lè fẹ ìkarahun ọkọ̀ lójú. Ní ọdún 1995, Nigel Mansell kò gba inú ọkọ̀ McLaren. Ìje méjì kọjá lórí rẹ̀ kí wọ́n tó ṣe èyí tí ó fẹ̀ díẹ̀ fún un. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, nígbà tí àrùn COVID-19 mú Lewis Hamilton, George Russell tí ó ga jù ú lọ ni ó wa ọkọ̀ rẹ̀ ní Bahrain, bàtà tí ó sì fi nọ́mbà kan kéré sí tirẹ̀ ni ó wọ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè gba ibẹ̀. Àwọn tí ó ga tún ní ìṣòro ìwúwo, títí di ọdún 2019 tí òfin ní kí awakọ̀ pẹ̀lú ìjókòó rẹ̀ má ṣe dín sí kílógíráàmù 80, kí ẹni tí ó fúyẹ́ sì gbé ẹrù dípò. Láti ọdún 2025, ó ti di 82.

Òfin kan kù tí ó kan ìjókòó fúnra rẹ̀. Láti ọdún 1999, ìjókòó Formula One gbọ́dọ̀ ṣeé yọ pẹ̀lú awakọ̀ nínú rẹ̀, bóòtù tí ó dè é mọ́ ọkọ̀ kò sì gbọdọ̀ ju méjì lọ. Bí dókítà bá fura pé ọ̀pá-ẹ̀yìn ti fara pa, kò ní fa ènìyàn náà ní apá. Yóò kọ́kọ́ rí i pé orí àti ọrùn kò mira, wọn yóò tú bóòtù, wọn yóò ki okùn bọ inú ihò tí a ti lu sára ìjókòó láti ọjọ́ tí a ti ṣe é, wọn yóò sì gbé awakọ̀ àti ìjókòó jáde pọ̀, ní ipò kan náà tí ó wà ní ọjọ́ tí a mọ ọ́n.