'Ta' àti 'Kí' nínú Àwàdà Abbott àti Costello

Bud Abbott àti Lou Costello, aláwàdà ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ètò tẹlifíṣọ̀n láàrin 1952 sí 1954. Àwàdà wọn tí ó lókìkí jù ni "Who's on First?", tí wọ́n ti ṣe lórí rédíò ní 1938. Nínú rẹ̀, eléré bésíbọ́ọ̀lù kan ń jẹ́ Who, òmíràn ń jẹ́ What. Costello ń béèrè orúkọ wọn. Abbott ń dáhùn. Wọn kò gbọ́ ara wọn yé.

Ẹ jẹ́ kí a sọ àwọn eléré náà ní Ta àti Kí, kí a sì wo gbólóhùn yìí:

Ta ni ó wà ní ibùdó kìn-ín-ní

Ìbéèrè ni lẹ́nu Costello. Lẹ́nu Abbott, ìdáhùn ni, gẹ́gẹ́ bí "Òjó ni ó wà ní ibùdó kìn-ín-ní". Ètò ọ̀rọ̀ àti ohùn kò yàtọ̀. Nítorí náà, ètò kọ́ ni ó sọ gbólóhùn yìí di ìbéèrè; ọ̀rọ̀ tí ó ṣáájú "ni" ni. Àyè kan náà ni "ta" àti "Òjó" ń gbà. Èyí ti èrò àwọn tí ó pe "ta" ní ọ̀rọ̀-orúkọ lẹ́yìn.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí àwàdà yìí bá pa lẹ́rìn-ín ti mọ òfin náà. Nínú ìdánwò, ẹ má ṣe jẹ́ kí a béèrè orúkọ òfin nìkan. Kí a béèrè àlàyé pẹ̀lú.